Ohùn Tó Ń Pín Ẹ̀bùn

Ní gáréèjì Tákìé ni wọ́n ti rí ohùn bàbá mi he.
Ó ń pe èrò: "Ìlọrin! Ìlọrin! Ó ku ẹnìkan ṣoṣo!"
bẹ́ẹ̀ mọ́tò ṣófo, àfi dẹ́rẹ́bà àti ewúrẹ́ kan.
Ọ̀gá kan láti ilé iṣẹ́ rédíò ń ra búrẹ́dì nítòsí,
ó gbọ́ irọ́ náà, ó gbà á gbọ́, ó wọlé jókòó.
Oòrùn ti kan àtàrí kí wọ́n tó gbéra.
Ọ̀gá yọrí lójú fèrèsé, ó ní:
"Ẹni tó lè fi ẹnu lásán kó èrò sínú mọ́tò tó ṣófo,
iṣẹ́ ń bẹ fún un lọ́dọ̀ wa."

Báyìí ni Oyèédòkun Àtàndá ṣe di ohùn,
ohùn tó ń jáde lálaalẹ́ Ọjọ́bọ̀:
"Kí ló wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n?"
Áyọ́ọ̀nù aláná, fáànù ẹlẹ́sẹ̀ gígùn,
abọ́ tánganran mẹ́fà, kẹ̀kẹ́ ológeere,
ó ń pè wọ́n bí ẹni ń ki ọmọ ọba.
Nílé wa, ẹ̀yinná ni ìyá mi fi ń lọ aṣọ.

Nígbà tí iṣẹ́ náà bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n,
ará àdúgbò ní, "Èyí kẹ̀? A ṣe bí ó ga ni!"
Wọ́n fi ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ara rẹ̀ ń dán síwájú kámẹ́rà,
wọ́n fi bàbá mi sẹ́yìn aṣọ ìkélé,
òun àti àga onígi àti ife omi kan.
Kò bínú. Ó ní, "Ọ̀fun kì í wo dígí."

Ṣùgbọ́n alẹ́ kan wà tí kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.
Ìgbà rédíò ṣì ni.
Obìnrin aránṣọ kan wá láti Màsífà,
ẹ̀rọ ìránṣọ sì ni ẹ̀bùn ọjọ́ náà.
Wọ́n bi í pé, "Ọjọ́ mélòó ni ọjà sí ọjà?"
Ó nawọ́ sókè, ìka márààrún tẹ́ pẹrẹsẹ:
"Márùn-ún ni! Ẹ ka ọjà, ẹ tún ka ọjà."
Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ìyá wa ṣe ń kà á.
Ṣùgbọ́n mẹ́rin ni akọ̀wé kan kọ sínú ìwé,
ẹni tó fi gègé yọ ọjà kan kúrò nínú ìṣirò.
Aago dún.
Bàbá mi mọ̀. Ó rí ìka márààrún yẹn.
Rédíò kò lójú; òun nìkan ni ìbá sọ ọ́.
Ó súnmọ́ gbohùngbohùn,
ó sọ ohun tí wọ́n ń sanwó fún un láti sọ:
"Ó mà ṣe o!"
Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́.

Ọdún mẹ́ta ni owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ fi ń bọ̀.
A rò pé yóò fi kan páànù tuntun.
Ẹ̀rọ ìránṣọ ló rà. Èmi ni mo rù ú
láti Òkèlérin dé Màsífà, ọrùn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú àyà.

Ìyá arúgbó kan ń ṣa òkúta inú ìrẹsì.
Ó wo bàbá mi, kò mọ̀ ọ́n.
"Ẹ kúulé o, mà."
Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí àtẹ.
"Háà! 'Ó mà ṣe o!'"
Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.
Ó ní ojú òun kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́,
kí a gbé ẹ̀rọ wa fún ọmọ tí yóò lò ó.
"Ṣùgbọ́n pè mí. Bí o ṣe máa ń pe àwọn tó jẹ ẹ́."

Bàbá mi tún fìlà dé. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì.
Ohùn tí mo rò pé àìsàn ti mú lọ
jáde láàárín ewúrẹ́ àti aṣọ sísá:
"Àyọ̀ká Oyèlàmí! Láti Màsífà! Márùn-ún ló wí!
Márùn-ún náà ni!"
Ọmọdé mẹ́ta sáré jáde wá wòran.
Ìyá náà dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró,
ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì bí ẹni fẹ́ gba ohun tó wúwo.
Èmi sì tún ru ẹ̀rọ náà, ó di Òkèlérin.